Ẹ Má Jẹ́ Kí Plow Dé Orí Òkúta

Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ilé sí ìgbèríko Minnesota, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń bá wa gbá sínóò, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ gbogbo

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Oṣù kẹwàá ti dé ìdajì, ewé ti ń já sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní plow, irin ìgbá-sínóò iwájú ọkọ̀, sì ti ń fi gírísì ra á lára. Kí sínóò tó dé, tí ẹnikẹ́ni kò ní ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, mo fẹ́ ká sọ èyí ní gbangba. Ní ìgbà ooru tó kọjá, ibi ìsọmọlórúkọ ni o, ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ni o, ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́. Onílé ní awakọ̀ fi plow hú òkúta ojú ọ̀nà òun dà sínú koríko. Awakọ̀ ní ohun tí onílé bẹ òun lòun ṣe. Àwọn méjì kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ilé wá kò kí ara wọn mọ́ nítorí òkúta. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sanwó típà òkúta Class 5 kan rí kò ní bá yín sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fì sí rèé, kí ẹ má baà máa wá a kiri: ọ̀dọ̀ onílé ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù.

Ọ̀pọ̀ wa ló lo ọdún pípẹ́ ní Brooklyn Park tàbí Brooklyn Center kí a tó ṣí lọ sí apá Elk River, Zimmerman, Isanti àti Cambridge, níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò, tí ọmọ ti lè sáré. Nígboro, ọ̀dà tàbí kọnkéré ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Plow á gbá a, ilẹ̀ á yọ dúdú, oòrùn á gbẹ ẹ́. Ojú wa ti mọ́ ìyẹn. A wá dé orí òkúta wẹ́wẹ́, a ṣì ń wá ilẹ̀ dúdú. Awakọ̀ á gbá tirẹ̀ tán, á máa lọ, fóònù rẹ̀ á dún: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbá a tán, mo ṣì ń rí funfun o.” Bọ̀dá kò fẹ́ kí oníbàárà bọ́ lọ́wọ́ òun, á padà wá, á tẹ plow mọ́lẹ̀, á fá a títí òkúta á fi yọjú. Inú onílé á dùn, á sanwó, á tún fún un ní jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì. Ó di oṣù kẹrin, tí sínóò bá yọ́, kó tó mọ ohun tó sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí plow ń bàjẹ́ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé òkúta lásán ni, pé èèyàn lè fi réèkì kó o padà. Class 5 tí wọ́n ń tà fún wa níbí, tí orúkọ rẹ̀ wá látinú ìwé iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ yìí, òkúta fífọ́ ni. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íńṣì kan lọ, iyanrìn àti ìyẹ̀fun òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Omi á wọ̀ ọ́, táyà á tẹ̀ ẹ́, yóò le gbagidi. Nígbà tí plow bá fá a, kì í ṣe òkúta nìkan ló ń kó. Ojú ilẹ̀ tó ti le yẹn ló ń tú. Ní ìgbà ìrúwé, ẹ lè fi réèkì ṣa òkúta nínú koríko títí ẹ̀yìn yóò fi máa dùn yín, ìyẹ̀fun kò ní bá yín padà. Òkúta tí ẹ dà sílẹ̀ á máa yí gbirigbiri lábẹ́ táyà, ihò á bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù sínú koríko ń dúró de ẹ̀rọ ìgékoríko. Ẹni tí òkúta bá ti ta láti abẹ́ ẹ̀rọ yẹn rí, ẹ bi í bó ṣe rí.

Ìgbà wo ni ewu yìí ga jù? Kì í ṣe oṣù kìíní, nígbà tí òtútù bá ń ta èèyàn ní etí bí abẹ́rẹ́. Nígbà náà ilẹ̀ ti dì, òkúta ti há mọ́ inú rẹ̀, plow lè gba orí rẹ̀ kọjá láì mú nǹkan kan. Òtútù ibí kì í ṣe eré: òfin ìkọ́lé ìpínlẹ̀ yìí ní kí ìpìlẹ̀ ilé wọlẹ̀ tó íńṣì 42 ní ìhà gúúsù àti íńṣì 60 ní ìhà àríwá, kí ilẹ̀ tó ń dì má baà gbé ilé sókè. Sínóò ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ló ń ba ọ̀nà jẹ́: ti oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, àti ti oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, nígbà tí òkè ilẹ̀ ti yọ́, tí ìsàlẹ̀ ṣì dì, tí omi kò sì ríbi gbà lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà níbí ní 1991 á rántí sínóò Halloween. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ó sì rọ̀ wọ ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá. Íńṣì 28.4 ló dà sórí Minneapolis àti St. Paul, ti Duluth lé ní 36. Ta ló ń retí kí ilẹ̀ ti dì ní òpin oṣù kẹwàá? Irú sínóò bẹ́ẹ̀ ni onílé kì í lè ní sùúrù sí, orí ilẹ̀ rírọ̀ ló sì ń bọ́ sí.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Sínóò tó fúyẹ́ kì í mú kí ilẹ̀ tètè dì, ṣe ló ń dá a dúró. Afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn kì í sì jẹ́ kí òtútù ráyè wọ ilẹ̀. Tí ẹ bá fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, òtútù á wọlé, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á dì. Àwọn tó ń gé gẹdú ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí ti ń fi ọgbọ́n yìí jẹun tipẹ́. Wọ́n á tẹ sínóò mọ́ ọ̀nà inú àbàtà kí ó lè dì, kí ọkọ̀ agbégẹdú lè gba ibi tí ẹsẹ̀ ń rì ní ìgbà ooru.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má pe awakọ̀ sí sínóò àkọ́kọ́, tí kò bá ju íńṣì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ yín, ẹ máa lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti ẹnu títì dé gáréèjì, kí táyà kan gbogbo ibẹ̀, kì í ṣe ojú ipa méjì nìkan. Ìrọ̀lẹ́ dára fún un, kí òtútù òru lè bá yín parí iṣẹ́. Sínóò tó tutù rinrin ló ń gbà á jù, torí sínóò gbígbẹ tó rí bí ìyẹ̀fun kì í dì pọ̀. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ yẹn á di ilẹ̀ kejì lórí òkúta. Orí ilẹ̀ kejì yìí ni plow yóò máa ṣiṣẹ́ títí dé oṣù kẹta. Tí ti àkọ́kọ́ bá wá pọ̀ bíi ti 1991, táyà kò lè tẹ̀ ẹ́. Kí awakọ̀ gbé plow ga, kí ó gbá òkè kúrò, kí ó fi íńṣì méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ ìyẹn.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dagun, tàbí tí ìyá àgbà ń bá gbé, kò ní fẹ́ yìnyín dídán nílẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dín sínóò tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kù sí ìwọ̀nba, kí ó sì fọ́n nǹkan sí i kí ẹsẹ̀ lè dì í mú. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, ó kàn yín. Plow tó ti ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ọlọ́dà látàárọ̀, bó ṣe wà lẹ ṣe ń gbé e bọ̀ lórí òkúta wa. Ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí ibi ọlọ́dà ló ti ń bọ̀. Irin tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ lè ju 500 páùnù lọ, tí ọkọ̀ sì ń tì lẹ́yìn, kí lẹ rò pé yóò ṣe fún Class 5 tó rọ̀?

Bàtà plow, irin kékeré méjì tó ń gbé ẹnu plow kúrò nílẹ̀, wà fún èyí. Ẹ̀yin tí ẹ bọ́ ọ sọ nù lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ lọ wá òmíràn. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, ẹ fi pákó tó nípọn íńṣì kan sábẹ́ ẹnu plow ní ọ̀tún àti òsì, kí ẹ wá sọ bàtà kalẹ̀ kí ó kan ilẹ̀, ẹ to wáṣà rẹ̀, ẹ fún un pa. Tí ẹ bá yọ pákó, íńṣì kan ló wà láàárín ẹnu plow àti ilẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí bàtà ń jẹ. Ní oṣù kìíní, ó lè ti jẹ ìdajì íńṣì láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bàtà nìkan kò tó lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Ibi kékeré méjì ló fi gbé gbogbo ìwúwo yẹn, ó máa ń rì, ẹnu plow á sì tún kan òkúta. Níbi tí ilẹ̀ kò bá tíì dì, páìpù ló ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ṣe tirẹ̀ lójú mi. Páìpù irin oní-íńṣì méjì àti ààbọ̀ ni, èyí tí ara rẹ̀ nípọn, ó gùn bákan náà pẹ̀lú plow. Ó tẹ́ ẹ sórí igi méjì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan gbọọrọ láti orí dé ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi giráńdà là á. Kò tíì là á dé àárín tí páìpù ti ń pa ẹnu dé mọ́ díìsìkì. Irin ní agbára kan tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí ẹ bá là á, á fẹ́ sún. Ó gbá igi ṣóńṣó kékeré kan sẹ́nu rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tán, ó fi òòlù lu páìpù náà wọ ẹnu plow, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu irin wọnú ibi tó là. Ó fi dírílì lu ihò mẹ́rin, ó fi bóòtì há a. Mo bi í pé ṣé yóò gbá sínóò dáadáa. Ó ní, “Ó ń gbá sínóò. Òkúta ni kò mọ̀ ọ́n gbá.”

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ẹnu tó mú ti di ohun tó yípo. Ohun tó yípo á fò lórí òkúta, gbogbo gígùn rẹ̀ ló sì fi gbé ìwúwo, kò ní rì. Àwọn kan ń lo páìpù ike. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n òtútù líle lè mú un sán, òkúta sì ń tètè jẹ ẹ́. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ náà, ti irin àti ti rọ́bà, fún ẹni tí kò ní wẹ́dà lọ́rẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Ta ló fẹ́ máa bọ́ páìpù, kó tún máa wọ̀ ọ́, láàárín ilé kan sí èkejì ní agogo mẹ́rin òru?” Òótọ́ ni, páìpù kì í gbá orí ọ̀dà mọ́. Ẹ kó àwọn onílé olókùúta sí ojú kan. Ẹ gbá ti àwọn ọlọ́dà tán, kí ẹ wọ páìpù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá bọ́ sí ìgbèríko. Tí iṣẹ́ náà bá gba àkókò jù, ẹ fi lé owó. Onílé tó bá rí iye tí típà kan jẹ́ kò ní bá yín jà.

Ti wíwa ọkọ̀ kò gùn. Ẹ rọra. Tí ẹ bá sọ plow kalẹ̀ tán, ẹ fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì kí ó gbé díẹ̀, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ má jókòó sílẹ̀. Ẹ má máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ló ń di ihò. Kí ẹ tó dé ibi tí òkìtì wà, ẹ ti máa gbé e sókè. Ìgbẹ̀yìn yìí ló ń kó òkúta wọ inú koríko jù, nítorí awakọ̀ á fẹ́ fi ipá ti òkìtì kan ṣoṣo kí ó lè fẹ̀. Níwájú gáréèjì, ẹ sọ plow kalẹ̀ kí ẹ máa fà á bọ̀ lẹ́yìn. Ó fúyẹ́ ju títì lọ. Kí ẹ sì má ti sínóò sọdá títì sí òdì kejì o. Òfin Minnesota kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó sínóò ilé rẹ̀ sójú ọ̀nà ìjọba, ìyàtọ̀ kò sì sí bóyá òru ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ afẹ́sínóò fúnra yín, tiyín náà ní bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e ga. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ gan-an kì í ṣe ti orí òkúta rárá. Òkúta tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde lè gba gíláàsì ọkọ̀ aládùúgbò lọ.

Wàyí o, onílé. Kí ilẹ̀ tó dì ni kí ẹ ri àwọn ọ̀pá tó ń dán lóru mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní ọ̀tún àti òsì, kí ó sún mọ́ra níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Awakọ̀ tí kò rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, inú koríko ni yóò máa gbà. Ẹ fi ibi tí òkìtì yóò wà hàn án: ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí, kí omi rẹ̀ má baà padà wá gba orí òkúta. Kí ó jìnnà sí ẹnu kànga àti ibi tí ṣọ́káwéè wà. Kí ẹ sì kọ àdéhùn, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: íńṣì mélòó ni sínóò gbọ́dọ̀ tó kí awakọ̀ tó wá, íńṣì mélòó ni yóò fi sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé funfun tó bá kù nílẹ̀ wà lára iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pè é pé kó padà wá, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ kọ. Ọ̀gìnnìtìn 2022 sí 2023, Duluth rí íńṣì 140 sínóò, iye tí kò rí rí. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ ìgbà mélòó ni awakọ̀ máa wá? Ẹ ronú ohun tó máa ṣẹ́kù lórí ọ̀nà tí wọ́n bá fá a ní gbogbo ìgbà yẹn.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á sí i. Lórí òkúta, iyọ̀ á yọ́ ilẹ̀ kejì tí a fi sùúrù tẹ̀, á sì rin wọlẹ̀ lọ. Àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìdọ̀tí àyíká sọ pé ṣíbí kékeré kan rẹ̀ tó láti ba gálọ́ọ̀nù márùn-ún omi jẹ́ títí láé. Púpọ̀ nínú wa sì ń mu omi kànga inú àgbàlá wa. Tí òtútù bá sì lọ sísàlẹ̀ 15 Fahrenheit, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ẹ ra òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fún adìyẹ jẹ, kí ẹ fọ́n ọn sí ibi tí ìyá àgbà ń gbà. Ó ń di ẹsẹ̀ mú, kì í yọ́ nǹkan kan. Iyanrìn náà dára.

Tí ó bá di oṣù kẹta tí ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ dá plow dúró. Sínóò ìgbà yẹn kì í pẹ́ kó tó yọ́. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bóyá plow ti to òkúta jọ síbẹ̀ bí ebè. Ebè yẹn ń há omi mọ́ ojú ọ̀nà, omi ló sì ń gbẹ́ ihò. Ẹ fà á padà sí àárín nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀, kí àárín ga, kí ó máa fi ìdajì íńṣì lọ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Omi á bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ yín kò pọ̀. Kí a tó wọ oṣù kọkànlá, ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú gbọ̀ngàn tí a máa ń lò, kí ẹ pe awakọ̀ àti onílé síbi kan. Kí ẹjọ́ òkúta ti ọdún tó kọjá dúró síta, a kò fẹ́ mọ ẹni tó jàre. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí mo sọ níṣàájú ti gbà láti gbé giráńdà rẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ páìpù, kí ó ra tirẹ̀ dání, kí ó sì wọn plow rẹ̀ kó tó kúrò nílé: bó ṣe gùn tó, àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Èmi ni tiyín,
Onílé kan ní Isanti County